Àgbáálá Ayé Kò Ní Dáàtì

Bí mo bá wo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo lè sọ ìbú èjìká rẹ̀. Mi ò fi ṣe fọ́ńté, iṣẹ́ mi ni. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ránṣọ ní Ṣàgámù, mi ò sì tẹ́ bébà sórí aṣọ rí kí n tó gé e. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo bébà, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n lójú tiwa, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò dá lójú ló ń lò ó. Téèpù, ṣọ́ọ̀kì àti ojú ti tó. Nígbà tó yá, téèpù gan-an di ohun tí mò ń fà yọ kí ọkàn oníbàárà lè balẹ̀. Ojú mi ti wọ̀n ọ́n láti ẹnu ọ̀nà.

Ojú yìí ni mo gbé wá sí Dagenham ní London, òun náà ló sì kó mi sí wàhálà tí mo fẹ́ sọ.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbí kì í ṣe òtútù. Gbogbo ènìyàn ti fi òtútù dẹ́rù bà mí kí n tó kúrò nílé, mo sì ti múra sílẹ̀ fún un. Ìdákẹ́jẹ́ inú ọkọ̀ ojú irin ni ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ mi àkọ́kọ́, mo wọ ọkọ̀ ní Heathway, mo sì kí gbogbo inú rẹ̀ bó ṣe yẹ ọmọ tí a kọ́ nílé: "Good morning, everybody!" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Obìnrin kan fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Mo jókòó, ojú tì mí bí ẹni tó ṣi ilé onílé wọ̀. Ṣùgbọ́n èmi kì í pẹ́ nínú ìtìjú. Kí n má baà sunkún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èjìká ínǹṣì méjìdínlógún. Ọrùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ààbọ̀. Ta ló rán kóòtù yìí fún ọ, tó ń fún ọ lábíyá báyìí? Kí a tó dé Barking, mo ti ránṣọ fún ìlàjì èrò inú ọkọ̀, mo sì ti bá télọ̀ àwọn tó kù jà.

Bí oṣù ti ń gorí oṣù, mo wá rí i pé wọn ò ní télọ̀ kankan. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń ra aṣọ. Ẹni tí aṣọ bá gbà, ó gbà á, ẹni tí kò bá gbà, á máa fà á kiri. Ní Ṣàgámù, bí ìyàwó tuntun bá lóyún, mo lè mọ̀ ṣáájú ìyá ọkọ rẹ̀. Bí àìsàn bá ń jẹ ẹnìkan lábẹ́lẹ̀, téèpù á sọ fún mi. Lójú tèmi, ohun tí à ń pè ní ìlú ẹni nìyẹn: ibi tí ẹnìkan wà tó mọ ìwọ̀n rẹ láìjẹ́ pé o sọ fún un. Ní Dagenham, kò sẹ́ni tó mọ tèmi. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ìbàdí mi fi ínǹṣì mẹ́ta dín, èmi nìkan ni mo sì mọ̀.

Iṣẹ́ tó gbé mi wá ni ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Wọ́n fún mi ní yúnífọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù kan tó rí bí àpò ìrẹsì. Ọjọ́ kan péré ni mo wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì mo ti gé e, mo ti fi ọwọ́ tún un rán, ó sì jókòó lára mi bó ṣe yẹ. Ọ̀gá wa wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní sáìsì wo nìyí, òun kò rí irú rẹ̀ nínú àpótí. Kí oṣù tó parí, obìnrin mẹ́rin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti gbé tiwọn wá. Mi ò gba kọ́bọ̀, nítorí ìwé tó gbé mi wá kò fàyè gba kí n dá iṣẹ́ tèmi sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn fún mi ní máṣíìnì ìyá rẹ̀ tó ti kú. Máṣíìnì ọlọ́wọ́ ni, kò bàjẹ́ rárá. Lọ́jọ́ tí mo gbé e sórí tábìlì ìdáná, tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀, mo mọ̀ pé màá rọ́wọ́ mú nílùú yìí.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Fèyíṣayọ̀ ni orúkọ rẹ̀, Fèyí ni à ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ màmá mi, nítorí òfin tó wà nílẹ̀ kò gba olùtọ́jú láyè láti mú ọmọ dání. Mi ò purọ́ fún un. Mo jókòó tì í lórí bẹ́ńṣì nínú ṣọ́ọ̀bù, mo sọ bó ṣe rí, mo ní ọjọ́ Àìkú kan kò ní kọjá kí n má pè é. Ó béèrè pé, "Ọdún mélòó, Màmi?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó mi orí bí àgbàlagbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn okùn tó wà nílẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tí inú rẹ̀ kò bá dùn.

Mi ò yẹ ọjọ́ Àìkú kan. Ìjọ Aládùúrà ni wá, inú gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì la ti ń jọ́sìn, a sì ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ní oṣù kìíní ọdún, ilẹ̀ yẹn máa ń tutù débi pé àdúrà kúkúrú ló ń wu gbogbo ènìyàn, títí kan wòlíì. Bí a bá ti ṣe ìpàdé tán, tí mo ti wọ bàtà mi, mo ti ń pe Ṣàgámù nìyẹn. Ní ọdún kìíní, Fèyí a máa já fóònù gbà lọ́wọ́ màmá mi. Á sọ ohun tí olùkọ́ sọ, ohun tí wọ́n jẹ, ẹni tó bá a jà. Ní ọdún kejì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. "Dáadáa ni, Màmi." "A wà, Màmi." Mò ń sọ fún ara mi pé bí àwọn ọmọ tó ń dàgbà ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ló wá bà á jẹ́ pátápátá.

Wọ́n yan Fèyí láti ka Bíbélì lọ́jọ́ ìkórè ìjọ wọn nílé. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má dán an wò, èmi ìyá rẹ̀ ni màá rán sùtánà tí yóò wọ̀. Mo ra aṣọ funfun tó dára, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní yàrá mi, mo kúnlẹ̀, mo di ojú, mo sì pe ọmọ mi wá síwájú mi. Mo rí i kedere. Mo fi ínǹṣì kan kún èjìká, mo fi mẹ́ta kún gígùn, torí mo mọ̀ pé ọmọ ń dàgbà. Mo gé e tààrà láìní dáàtì, bí a ṣe ń gé ti ọmọdé. Dáàtì ni ibi tí télọ̀ ti ń ká aṣọ ní ṣóńṣó, tó ń rán an mọ́ inú, kí aṣọ tó tẹ́ pẹrẹsẹ lè gba ara tó yọ. Ọmọdé kì í nílò rẹ̀. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà débi pé mo fi ẹnu ko ọrùn aṣọ kí n tó dì í. Ìyá Ìjọ wa, tó ń lọ sílé lọ́sẹ̀ yẹn, ló bá mi gbé e lọ.

Lọ́jọ́ ìkórè, mo pè wọ́n lórí fídíò. Sùtánà àyálò ló wà lọ́rùn Fèyí.

"Aṣọ mi dà?" mo béèrè.

Màmá mi ní, "Kò gbà á."

"Kò gbà á báwo?"

Fèyí gbé fóònù ti ara ògiri, ó sún sẹ́yìn, ó sì fi aṣọ náà lé ara rẹ̀ kí n lè rí i. Apá rẹ̀ kò dé ọrùn ọwọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè pàdé. Ọmọ tó dúró níwájú mi yẹn ga ju màmá mi lọ, èjìká rẹ̀ sì ti di èjìká bàbá rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mò ń rí i, ṣùgbọ́n orí nìkan ni fóònù ń gbé wá.

Ó ní, "Màmi, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ rán aṣọ yìí fún, kò sí níbí mọ́."

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ǹ bá rí nǹkan sọ. Ó dá fóònù padà fún màmá mi. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá pè, ó ń kàwé ni, tàbí ó ń wẹ̀, tàbí ó ti sùn ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Oṣù méjì gbáko. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Èmi tí mò ń wọ̀n gbogbo ayé kò wá mọ ìwọ̀n ọmọ tí mo bí. Ó dùn mí dé eegun. Ẹ̀rù sì bà mí pé bí oṣù kẹta bá wọlé, tí ìkẹrin tẹ̀lé e, màá di ẹni tí wọ́n ń kí lórí fóònù torí pé ó yẹ kí wọ́n kí i.

Ní àkókò yẹn, bàbá kan wà tí mò ń tọ́jú ní Mayesbrook, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí páàkì. Bàbá Len ni mò ń pè é. Nígbà tó bi mí kí ni bàbá, tí mo sọ fún un, ó ní kò sẹ́ni tó pe òun bẹ́ẹ̀ rí, òun kò bímọ. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá gbàgbé tí mo pè é ní Mister, kì í dáhùn. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ ní Dagenham nígbà kan, ìdí ẹ̀rọ tó ń tẹ irin di òrùlé ọkọ̀ ló wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọṣẹ́, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ. Ìwé nípa ojú ọ̀run ló máa ń kà, pẹ̀lú awò ńlá kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un. Ó ní, "Ǹjẹ́ o mọ̀ pé àgbáálá ayé tẹ́ pẹrẹsẹ?"

Mo ní, "Bàbá Len, ẹ gbé ẹsẹ̀ kejì wá."

"Òótọ́ ni mò ń bá ọ sọ."

"Ní Ṣàgámù, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi mọ̀ pé ayé rí roboto."

"Ayé tí ẹsẹ̀ wa wà lórí rẹ̀ yìí, roboto ni. Èmi ò sọ ti ayé. Gbogbo àlàfo tí ayé àti oòrùn àti ìràwọ̀ wà nínú rẹ̀ ni mò ń sọ."

"Ta ló wá tẹ́ ẹ? Sórí kí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Nígbà tó sinmi, ó ní kì í ṣe bíi búrẹ́dì tí a gé. Àlàfo náà ga, ó fẹ̀, ó sì jìn. Bí ìlà àti igun ṣe ń hùwà nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ títẹ́ yìí dá lé. Ó fa onígun mẹ́ta kan sẹ́yìn àpò lẹ́tà, ó gé e, ó ya igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò, ó sì tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n di ìlà kan tó gún, bí igun ìwé méjì tí a fi ti ara wọn. Ó ní bó tóbi, bó kéré, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò máa rí lórí ohun tó bá tẹ́.

Ó wá mú ọsàn. Ó fi bírò fa ìlà láti orí rẹ̀ wálẹ̀ dé ìbàdí, ó yà, ó gba ìbàdí rẹ̀ lọ títí dé ìdá kan nínú mẹ́rin, ó tún yà, ó sì gòkè padà sórí. Onígun mẹ́ta lèyí náà, ṣùgbọ́n igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó igun ìwé. Igun ìwé mẹ́ta wá dípò méjì. Ó ní lórí ohun tó yọ báyìí, igun máa ń fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo gba ọsàn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wò ó títí. Mo ní, "Bàbá Len, dáàtì lẹ̀ ń sọ."

Ó ní kí ni dáàtì. Mo gbàgbé ìbọ̀sẹ̀ kejì. Mo sọ fún un pé tí mo bá fẹ́ rán fìlà, mo ní láti yọ ṣóńṣó kúrò nínú aṣọ kí n tó pa etí rẹ̀ pọ̀, ibẹ̀ ló ti ń yọ bí orí. Tí mo bá fẹ́ kí etí síkẹ́ẹ̀tì máa jó, mo ní láti fi ẹ̀là aṣọ onígun mẹ́ta kún un, ibẹ̀ ló ti ń ṣẹ́ léra. Aṣọ tí mi ò yọ nǹkan lára rẹ̀, tí mi ò sì fi nǹkan kún, òun ló ń sùn jẹ́jẹ́ sórí tábìlì.

"Ṣé ohun tẹ́ ẹ wá ń sọ ni pé Ẹni tó rán àgbáálá ayé kò yọ, kò sì fi kún?"

Bàbá Len gbé awò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi na irin pẹrẹsẹ títí yóò fi di òrùlé. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún mi báyìí rí." Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni. Kò ní dáàtì."

Mo ní ta ló wá lọ wọ̀n ọ́n, téèpù wo ló gùn tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni ò lọ síbì kankan. Ìmọ́lẹ̀ kan wà tó ti gbéra láti ìgbà tí àgbáálá ayé ṣì kéré bí ọmọ ọwọ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa láti gbogbo ìhà ni. Àmì tótòtó wà lára rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti ṣírò bí àmì náà ṣe tóbi tó níbi tó wà, àti bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó. Tí àlàfo tó wà láàárín bá yọ bí ọsàn, àmì náà yóò tóbi lójú wa ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá ṣẹ́ léra bí etí síkẹ́ẹ̀tì, yóò kéré. Wọ́n wò ó, ó rí bó ṣe yẹ kó rí gẹ́lẹ́. "Ibi tí ìwọ̀n wa mọ nìyẹn," ó ní. "Tó bá fi bíńtín yọ, tí irinṣẹ́ wa kò lè rí i, a ò lè búra."

Gbólóhùn yẹn bá mi rìn gba inú páàkì lọ sí ibùdókọ̀. Àwọn tó ń wo ìpẹ̀kun ojú ọ̀run kò gbára lé ojú. Wọ́n wọ̀n, wọ́n tún wọ̀n, wọ́n sì sọ ibi tí ìwọ̀n wọn mọ. Èmi di ojú, mo sì gé aṣọ.

Bàbá Len ti sọ ohun mìíràn fún mi kí n tó kúrò. Ó ní lórí ohun tó tẹ́, ìlà méjì tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n dojú kọ ibì kan náà, wọn kì í pàdé láé, wọn kì í sì í jìnnà síra ju bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ. Mo ro ti èmi àti Fèyí, omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi máa dé etí adágún inú páàkì, inú ti bí mi. Èmi kì í ṣe ìlà. Ìlà kò lè yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Èmi lè yà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, màmá mi pè mí. Kì í pè mí láàárín ọ̀sẹ̀.

"Ìyá Fèyí, ọmọ rẹ kọ oúnjẹ o."

"Kí ló ṣe é, Màmá?"

"Wọ́n ní kó wá sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo iléèwé lọ́jọ́ Ẹtì. Tíṣà wọn ní kí kálukú fa bébà yọ nínú ike, èyí tó fà yọ kò yé e. Ó ní àgbáálá ayé tẹ́ pẹrẹsẹ. Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Ó ti kà á kà á, ó ń sunkún pé wọ́n máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́."

Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, mo dìde dúró láìmọ̀. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wò mí tìfura-tìfura. Mo ní, "Màmá, ẹ gbé fóònù fún un."

"Kò ní gbà á."

"Ẹ sọ fún un pé mo mọ̀ ọ́n."

Mo gbọ́ ohùn Fèyí lẹ́yìn, ohùn tí mi ò gbọ́ láti oṣù méjì: "Màmi mọ kí ni?"

Ó gba fóònù. "Ẹ káàsán, Màmi. Physics ni o. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ."

"Mo mọ̀. Lọ mú fìlà bàbá àgbà lórí ìṣó."

Ó mí kanlẹ̀, ṣùgbọ́n ó lọ mú un.

"Fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì, kó tẹ́ pátápátá."

"Kò lè tẹ́, Màmi. Ó ń ká."

"Kí lo máa ṣe sí i kó tó lè tẹ́?"

"Àfi kí n tú ojú rírán ẹ̀. Ibi dart." Inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti tọ́ ọmọ yìí dàgbà, kò sí ohun tí mò ń sọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. "Màmi, ẹ dúró. Ẹ dúró ná. Universe ò ní dart?"

"Kò ní. Wọn ò yọ, wọn ò fi kún."

"So gbogbo triangle inú ẹ̀ máa jẹ́ one-eighty, bó ti wù kó tóbi tó!"

Mi ò mọ ohun tí one-eighty ń ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ohùn ẹni tí nǹkan yé. Mo sọ ti igun mẹ́ta tí a ya kúrò lára bébà, mo sọ ti ọsàn, mo sọ ti ìmọ́lẹ̀ tó ti gbéra láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀. Fèyí ń kọ ọ́ sílẹ̀, mò ń gbọ́ bírò rẹ̀. Lójijì ó dáwọ́ dúró.

"Màmi, apá aṣọ ńkọ́?"

"Apá aṣọ wo?"

"Apá aṣọ gígùn ò ní dart, ó sì ká roboto. Tí mo bá fa triangle sí i lára kí n tó rán an, tí mo bá rán an tán, igun triangle yẹn ò ní yí padà. So ó flat, àbí? Báwo la ṣe mọ̀ pé universe kì í ṣe apá aṣọ? Kí ẹni tó ń rìn lọ tààrà kàn ṣàdédé padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀?"

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi rán apá aṣọ, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò wá sí mi lọ́kàn rí. Mo ní, "Mi ò mọ̀, Fèyí. Màá bi Bàbá Len."

"Ta ni Bàbá Len?"

Mo wá sọ fún un. Mo sọ ti ìbọ̀sẹ̀, mo sọ ti òrùlé ọkọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, mo sì fi ọwọ́ bo ojú mi nínú bọ́ọ̀sì.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo gbé ìbéèrè náà dé ọ̀dọ̀ Bàbá Len, ó jókòó dáadáa nínú àga rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ ọdún mélòó ni?" Mo ní mẹ́rìnlá. Ó ní kí n gbé fóònù sún mọ́ òun, kí n gba ohùn òun sílẹ̀, kí n fi ránṣẹ́ sí ọmọ náà. Ó kí Fèyí bí ẹni ń kí ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó sọ fún un pé ibi tó dúró sí yẹn náà ni gbogbo ọ̀mọ̀wé dúró sí: wọ́n wọ̀n ọ́n, ó tẹ́, ṣùgbọ́n bóyá ó ń lọ láìlópin ni, tàbí ó ká padà bí apá aṣọ, ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀.

Èsì Fèyí dé ní ìrọ̀lẹ́, ohùn ni òun náà gbà sílẹ̀. Ó ní kí n dá Bàbá Len lóhùn pé òun dúpẹ́. Ó wá rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Màmi, mo fẹ́ fi aṣọ ṣe é lójú wọn, kó yé wọn. Ṣé mo lè gé sùtánà yẹn?"

Aṣọ tí mo fi ẹnu kò. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò tíì gbàdúrà sí i, kò tíì di mímọ́, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ ọdún méjìlá kan ṣì wà nínú aṣọ yẹn fún mi. Mo pè é padà.

"Tú apá rẹ̀ kọ́kọ́," mo ní. "Má fi àlùmọ́gàjí gé e já. Ojú okùn ni kó o tẹ̀lé, kó lè tẹ́ dáadáa tó o bá ṣí i."

"Ẹ ò bínú?"

"Gé e, Fèyí."

Màmá mi tó ń gbọ́ wa lẹ́yìn ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Mo gbọ́ kín-ín-kín tí okùn ń já, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, mò ń ti ilé arúgbó kan bọ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Èmi kọ́ ni mo pè. Fèyí ló pè mí, fúnra rẹ̀. Mo jókòó sórí ògiri kúkúrú kan níwájú ilé onílé.

"Màmi! Wọ́n pàtẹ́wọ́! Mo tẹ́ fìlà bàbá àgbà, wọ́n rẹ́rìn-ín pé kò tẹ́. Mo wá fi ọwọ́ bọ apá aṣọ, mo fa triangle sí i lára, mo bọ́ ọ, mo tú ojú rírán ẹ̀, mo ṣí i sórí tábìlì, igun triangle yẹn ò yí padà, gbogbo hall dákẹ́! Tíṣà ní ta ló kọ́ mi. Mo ní màmá mi ni. Ó ní ṣé lecturer ni yín ní London. Mo ní rárá o, télọ̀ ni."

Bó ṣe sọ télọ̀ yẹn, kò sí ẹni tó tíì pè mí ní nǹkan tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí.

Mo jẹ́ kí ẹ̀rín rẹ̀ rọlẹ̀. Mo ní, "Fèyí, má bínú lórí aṣọ yẹn. Ojú ni mo fi wọ̀n ọ́, ojú mi sì ti jìnnà."

Mo rò pé mo ti bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí wọ́n fa dúróò kan, dúróò tábìlì máṣíìnì tí mo fi sílẹ̀ ní Ṣàgámù, èyí tó máa ń há. Mo mọ ohùn rẹ̀ níbikíbi.

"Màmi, ẹ mú bírò," ó ní. "Téèpù yín ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Màmá ló máa bá mi dì í mú lẹ́yìn."

Mi ò rí bébà, mo kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ka gígùn. Ó ka apá. Ó ka ọrùn àti ìbàdí. Mo gbọ́ tó ní, "Màmá, ẹ fà á dáadáa, ẹ má jẹ́ kó dẹ̀," màmá mi sì ní òun ti ń fa téèpù kí wọ́n tó bí i.

"Èjìká," Fèyí ní. "Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Ojú mi ti sọ mẹ́rìnlá fún mi kó tó lanu. Mo kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.